Kíka Abẹ́rẹ́

Lálaalẹ́ n'Ítòkú, kí ìyá mi tó palẹ̀ mọ́,
á ka abẹ́rẹ́ tó fi ń rán àdìrẹ.
Méjìlá jáde láàárọ̀, méjìlá gbọ́dọ̀ wọlé.
Bí ọ̀kan bá dín, a ó tan fìtílà, a ó dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì,
a ó máa fi àtẹ́lẹwọ́ wá ilẹ̀ kiri.
"Ọmọ ẹnì kan ló máa tẹ̀ ẹ́," ni yóò máa wí,
ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún aró, ojú rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀.

Èmi tó bí, abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni mo mọ̀
lábẹ́ afárá reluwé ní Láfẹ́nwá,
àwa mẹ́rin la sì jọ ni ín:
Ṣógbèsan tí ń lẹ táyà, Làmídì, Múínátù, àti èmi.
A máa ń fi omi inú ọ̀rá ṣàn án, a ní ó ti mọ́.
Ẹ̀jẹ̀ tó kù lẹ́nu rẹ̀ kò ju ẹyin ìdun lọ;
ta ni yóò bá ẹyin ìdun jà nígbà tí ara ń gbọ̀n?
Abẹ́rẹ́ yẹn ló sọ wá di alájọbí.
A kò mu ọmú kan náà,
síbẹ̀ ohun tó wà lára Làmídì wà lára mi,
nítorí ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ bá là lòwú ń tọ̀.

Òwú ọ̀hún rọra. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi rìn,
kò dùn mí, kò yún mi.
Ẹ̀dọ̀ kì í ké.
Àwọn àgbà ní kéèyàn fẹ̀dọ̀ lórí òróǹro;
mo ṣe bí ẹ̀dọ̀ tèmi ń ṣe sùúrù ni,
n kò mọ̀ pé wọ́n ń rán an pọ̀ ni.

Ṣógbèsan ló kọ́kọ́ pọ́njú, tó pọ́ntọ̀.
Ojú rẹ̀ dà bí ìyeyè tó bọ́ sẹ́bàá ọ̀nà.
Wọ́n ní ibà ni, wọ́n fún un ní àgbo inú ọtí,
ìgò mẹ́ta gbáko.
Nígbà tí ikùn rẹ̀ ń wú, àbúrò bàbá rẹ̀ ní ayé ló ṣe é.
Bóyá ayé ni lóòótọ́:
ayé tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ fún wa
pé abẹ́rẹ́ tuntun kò tó owó búrẹ́dì kan.
A sin ín lọ́jọ́ tí Odò Ògùn kún dé ẹsẹ̀ afárá.

Nọ́ọ̀sì Ṣóyọmbọ̀ n'Ídí-Àbà kò bú mi.
Ìyẹn gan-an ló pa mí lẹ́kún.
Ó gún mi níka, ìlà méjì yọ,
ó gbé ẹ̀rọ tútù kan lé mi níhà ọ̀tún,
ó ní, "Ibì kan ti ń le níbẹ̀ o. Kò tíì le tán."
Abẹ́ òkúta ni wọ́n bí mi sí;
n kò mọ̀ pé òkúta lè máa hù lábẹ́ ìhà èèyàn.

Oògùn wà, ó ní. Ọ̀sẹ̀ méjìlá, hóró kan lójúmọ́,
ọtí kò sì gbọdọ̀ kan ètè.
Owó rẹ̀ ni kò ṣeé fẹnu sọ.
Ìyá mi ta ìdì aṣọ tó fi pamọ́ de ìsìnkú ara rẹ̀.
Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó kàn gba ike oògùn lọ́wọ́ mi,
ó dà á sórí ẹní, ó kà á.

Làmídì ti gba Èkó lọ, a kò gbúròó.
Múínátù ní òun kò ṣe àyẹ̀wò,
òun kò fẹ́ mọ orúkọ ohun tí yóò pa òun.
N kò bá a jiyàn. Mo fi abẹ́rẹ́ tuntun lé e lọ́wọ́,
ó fi ìdí yàgò fún mi lórí páálí.
Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń lọ,
èmi àti ike pupa tí à ń kó àlòkù sí.

Lánàá, mẹ́rìndínlógún lọ, mẹ́rìnlá padà.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Àwọn ọmọdé máa ń gba ibẹ̀ lọ pọnmi láàárọ̀,
ẹsẹ̀ lásán.
Òjò ti ṣú lápá Olúmọ.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo sọ̀ kalẹ̀ padà,
mo dọ̀bálẹ̀.